Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ṣé Ata Àti Èèpo Igi Lè Sọ Ọ̀rá Funfun Di Búráùn?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ: fídíò kan ló ń lọ káàkiri tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn nǹkan kan wà nínú ata, nínú tíì, nínú èèpo igi, tó máa ń sọ ọ̀rá funfun ara èèyàn di ọ̀rá búráùn, pé ẹni tó bá ń lò ó á kàn máa rù ni, ì báà jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, mo gé àwọn tó gùn jù kúrú, ó yá.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin inú fídíò yẹn ní ọ̀rá méjì ló wà lára èèyàn, funfun àti búráùn, pé búráùn ń jó oúnjẹ dànù, àti pé ata àti atalẹ̀ pupa lè yí funfun padà sí búráùn. Ṣé òótọ́ ni àbí ọjà ló fẹ́ tà? Látìgbà tí mo ti bí àwọn ọmọ yìí ikùn mi ò padà sípò mọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ìdajì ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, òótọ́ pọ́nbélé ni. Ìdajì tó kù ló ń ta ọjà.

Ọ̀rá funfun ló pọ̀ jù lára gbogbo wa. Òun ló wà níkùn, ní ìdí, ní itan, olórí iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó tọ́jú oúnjẹ tó ṣẹ́kù pamọ́ de ọjọ́ ebi. Tí wọ́n bá gbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kan sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ̀kán ọ̀rá ńlá kan ṣoṣo lẹ máa rí, ó gba inú sẹ́ẹ̀lì náà kan, gbogbo nǹkan yòókù ti fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ti búráùn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀kán kéékèèké ló wà nínú tiẹ̀, wọ́n pọ̀, mitochondria ló sì kún gbogbo àárín wọn, àwọn yẹn ni sẹ́ẹ̀lì fi ń jó oúnjẹ di agbára, irin tó wà nínú wọn ló sì ń fún ọ̀rá náà ní àwọ̀ ẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì tó kù, tí mitochondria bá jó ọ̀rá tàbí ṣúgà, agbára tó bá ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń ṣe ATP, èròjà tó ń gbé agbára, tí iṣan àti ọpọlọ ń ná. Ọ̀rá búráùn ní púrótéènì kan tó ń jẹ́ UCP1 tó ń ṣí ojú ihò sára mitochondria, agbára á gba ibẹ̀ jò, á di ooru lásán. Ẹ ronú ọkọ̀ tí wọ́n tẹ iná mọ́ tí jíà ò wọlé: ẹ́ńjìnnì ń ké, epo ń jó, gbogbo ẹ̀ gbóná, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Epo tó ń jó dànù yẹn gan-an ni àwọn tó ń wá ìwòsàn sí sísanra jù ń lépa.

Ọ̀rá yìí kì í ṣe àwárí àná o. Conrad Gessner, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland, ti kọ nípa ẹ̀ ní 1551, ara marmot ló ti rí i, ẹranko orí òkè kan tó máa ń sùn já gbogbo ìgbà òtútù. Àwọn ọmọ tuntun náà ní in lẹ́yìn láàárín èjìká, torí wọn ò tíì lè gbọ̀n bíi tiwa tí òtútù bá mú wọn. Ohun tí àwọn dókítà gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé tí èèyàn bá ti dàgbà, ó ti tán lára ẹ̀ nìyẹn. Àfi ìgbà tí àwọn tó ń fi PET scan wá jẹjẹrẹ, tí wọ́n máa ń fún aláìsàn ní ṣúgà oní-radioactive kí wọ́n lè rí ibi tó ń jó ṣúgà jù lára, bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọrùn àwọn kan ń tàn lọ́tùn-ún lósì, òkè eegun èjìká ń tàn, bẹ́ẹ̀ kò sí jẹjẹrẹ kankan níbẹ̀. Ní 2009 ni ìwádìí mẹ́ta jáde pa pọ̀ nínú New England Journal of Medicine, láti Amẹ́ríkà, Netherlands àti Finland, wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀rá búráùn ni, pé ó ń ṣiṣẹ́ lára àgbàlagbà, pàápàá tí òtútù bá mú wọn. Àwọn tó sanra jù, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ rí i.

Èyí tí fídíò yín ń sọ tún jẹ́ ẹ̀ka kẹta. Àárín ọ̀rá funfun níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi búráùn tí nǹkan bá ta wọ́n jí, òtútù sì ni àgbà nínú ohun tó ń ta wọ́n jí. Wọ́n ń pè wọ́n ní beige, Bruce Spiegelman àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Boston ló ṣàpèjúwe wọn lọ́tọ̀ ní 2012. Torí náà kí ọ̀rá funfun máa ṣe bíi búráùn, ó ṣeé ṣe. Kí ata ṣe é débi tí ikùn yín á fi wálẹ̀, ẹ jẹ́ ká dé lẹ́tà kẹta ná.

Ohun tí ẹ ò béèrè rèé sha: ikùn tó gbé ìbejì, ìgbà míì kì í ṣe ọ̀rá ló ń tì í síta, iṣan ikùn ló là láàárín tí kò tíì padà pàdé. Kò sí ọ̀rá búráùn tó máa bá yín rán ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn án wò kẹ́ ẹ tó náwó sí nǹkankan.

AKẸ́KỌ̀Ọ́ KAN: Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Kí lorúkọ àwọn èròjà náà, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Àbúrò, ọ̀nà méjì ni kó o fi sọ́kàn. Àwọn kan ń gba ọ̀dọ̀ ọpọlọ lọ síbi ọ̀rá, àwọn kan ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ tààrà.

Ti àkọ́kọ́, mú capsaicin, òun ló ń jẹ́ kí ata ta. Ó máa ń fọwọ́ kan nǹkan kan tó ń jẹ́ TRPV1 lẹ́nu àti nínú ìfun, iṣan tó ń gbé ìròyìn á sọ fún ọpọlọ, ọpọlọ á rán noradrenaline, èròjà tí ara fi ń jíṣẹ́, sórí ọ̀rá, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Capsinoid jẹ́ ìbátan ẹ̀, inú irú ata kan tí kì í ta ni wọ́n ti rí i, ọ̀nà kan náà ló ń gbà. Menthol ní tiẹ̀ ń kan TRPM8, èyí tí ara fi ń mọ̀ pé òtútù ń mú, ó kàn ń tan ara jẹ ni. Catechin inú green tea àti kaféènì inú kọfí kì í rán iṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n ń jẹ́ kí iṣẹ́ tí noradrenaline ti rán pẹ́ kó tó tán ni.

Ti èkejì, berberine ni kó o fi ṣe olórí, nǹkan yẹ́lò tó ń korò, ara èèpo àti gbòǹgbò igi bíi barberry ni wọ́n ti ń rí i. Ní 2014 wọ́n gbé e jáde nínú Nature Communications pé eku tó sanra tí wọ́n fún ní berberine bẹ̀rẹ̀ sí í jó agbára sí i, ọ̀rá funfun wọn di beige, AMPK àti PGC-1α, àwọn púrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ní ó gbà kọjá. Resveratrol tó wà lára èèpo èso àjàrà, curcumin inú atalẹ̀ pupa, àwọn náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Cinnamaldehyde, tó ń fún sínámọ́nì lóòórùn ẹ̀, Jun Wu àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní University of Michigan fi sórí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá eku àti ti èèyàn nínú àwo lábù ní 2017, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá. Àwo lábù ni mo sọ o! Má lọ kọ ọ́ pé sínámọ́nì ń wo sísanra jù sàn, ẹni tó máa máàkì ẹ á fi bírò pupa kí ẹ káàbọ̀.

Èyíkéyìí tó o bá kà, kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é, ṣé àwo ni, ṣé eku ni, àbí èèyàn. Pín in sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kó o tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Wàá rí i pé ti àwo àti ti eku á kún inú ìwé ẹ, ti èèyàn ò ní tó nǹkan.

BÀBÁ TÓ TI FẸ̀YÌNTÌ: Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á pé eku rù, eku rù. Kí ló dé tí àwa èèyàn ò rù? Ṣé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún wa ni?

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Kò sẹ́ni tó ń fi nǹkankan pamọ́, ilé tí eku yẹn ń gbé ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Inú lábù, bíi 20 sí 22 ni wọ́n máa ń fi ooru yàrá sí lórí ìwọ̀n Celsius, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wọ kóòtù, ó tù wọ́n lára. Eku ní tiẹ̀, ìgbà tó bá tó nǹkan bíi 30 ni ara tó máa tù ú. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé òtútù ń mú eku yẹn tọ̀sán-tòru, látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọ̀rá búráùn ẹ̀ ti ń jó kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní kápúsù kankan. Nǹkan kékeré tẹ́ ẹ bá wá fi kún un, kíá ló máa hàn. Tí wọ́n bá gbé irú eku bẹ́ẹ̀ lọ sí yàrá tó gbóná tó 30, ọ̀pọ̀ nǹkan máa ń yí padà. Èèyàn ní tiẹ̀ ní aṣọ, ó ní ilé, ó ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, ibi tó gbóná fún un ló máa ń wà. Ẹ tún wo bí eku ṣe kéré, ara kékeré kì í pẹ́ tutù, torí ẹ̀ ni ọ̀rá búráùn ṣe pọ̀ lára ẹ̀ tá a bá fi wé ìwọ̀n ara ẹ̀. Àgbàlagbà tó wọn 90 kílò lè má ní ju ìwọ̀n gíráàmù díẹ̀ lọ, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní èyí tí scan lè rí.

Ẹ̀ẹ̀kejì, gbígbé mì yàtọ̀ sí wíwọ ẹ̀jẹ̀. Curcumin tẹ́ ẹ bá gbé mì, díẹ̀ bíńtín ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Resveratrol ń wọlé o, ṣùgbọ́n ìfun àti ẹ̀dọ̀ á ti tún un ṣe di nǹkan míì kó tó débi tó ń lọ. Ẹni tó da nǹkan sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo ò ní ìyọnu yẹn, ó kàn dà á sí i ni.

Wọ́n sì ti dán an wò lára èèyàn náà. Ní Japan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Masayuki Saito fún àwọn ọkùnrin ní capsinoid mílígíráàmù 9, àwọn tí scan ti fi hàn pé wọ́n ní ọ̀rá búráùn jó agbára sí i, àwọn tí kò ní ò jó nǹkankan. Ìyẹn nìkan ti sọ fún yín pé ẹni tó nílò ẹ̀ jù ló máa rí àǹfààní ẹ̀ kéré jù. Ní 2013 wọ́n tún gbé ti ọ̀sẹ̀ 6 jáde: àwọn kan ń jókòó nínú yàrá tó tutù dé 17 fún wákàtí 2 lójúmọ́, àwọn kan ń lo capsinoid. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jó agbára sí i tí òtútù bá mú wọn, ọ̀rá ara àwọn tó wà nínú yàrá tútù sì dín kù díẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa ni, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin náà ò sanra tẹ́lẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó, ẹ gbàgbé ewé, ẹ wo oògùn gidi. Mirabegron, oògùn àwọn tí kì í lè mú ìtọ̀ mọ́ra, ń kan ọ̀rá búráùn tààrà. Ní 2015 wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní mílígíráàmù 200 lẹ́ẹ̀kan, ìlọ́po mẹ́rin èyí tó pọ̀ jù tí oníṣòro ìtọ̀ ń lò nígbà náà, agbára tí ara wọn ń jó fi bíi kálórì 200 lójúmọ́ lé sí i, ọkàn wọn náà sì ń sáré. Ní 2020 wọ́n fún àwọn obìnrin 14 ní 100 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, ọ̀rá búráùn wọn pọ̀ sí i, ìnsúlíìnì wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, kílò wọn ò kúrò níbi tó wà. Kílò ọ̀rá kan ní tó kálórì 7,700 nínú. Ẹ fi 200 pín in, ó máa tó oṣù kan lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí kílò kan tó lọ, ìyẹn tí ẹnu ò bá ti gba owó ẹ̀ padà, torí ara tó ń jó oúnjẹ dànù máa ń béèrè oúnjẹ sí i ni.

ẸNI TÍ Ẹ̀JẸ̀ Ń RU: Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní kápúsù fún ọ̀rá. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀ ni berberine, green tea extract, àti pé ewé àti igi nìkan ni, kò sí kẹ́míkà. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé kí n máa lò ó lọ?

Ẹ má lò ó. Ẹ dá a padà fún ọ̀rẹ́ yín lónìí, kẹ́ ẹ sì sọ fóun náà kó gbé e sílẹ̀.

Berberine máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tó bá pàdé oògùn ṣúgà tẹ́ ẹ ti ń lò, ó lè fà á wálẹ̀ jù. Ó tún máa ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ fi ń kó àwọn oògùn kan kúrò lára, oògùn á wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí dókítà ṣe ṣírò ẹ̀ lọ. Aboyún àti abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá torí ó lè dá ibà pọ́njú sí ọmọ lára. Green tea tí wọ́n pọn sínú ife ò ní wàhálà, extract inú kápúsù lọ̀rọ̀ wà: àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, sọ ní 2018 pé láti mílígíráàmù 800 EGCG, olórí catechin inú green tea, lójúmọ́ lọ sókè, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ti "ewé àti igi nìkan" yẹn ló ń bí mi nínú jù. Ephedra, ewéko ni, ephedrine inú ẹ̀ ń jẹ́ kí ara jó agbára lóòótọ́, àwọn èèyàn fi gba àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ títí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fi fòfin dè é nínú àfikún oúnjẹ ní 2004. Àìmọye ìgbà ni FDA kan náà ti rí sibutramine nínú oògùn tó ń mú èèyàn rù tí wọ́n kọ "kò sí kẹ́míkà" sí lára, bẹ́ẹ̀ oògùn tí wọ́n ti kó kúrò lọ́jà láti 2010 ni, torí ọ̀rọ̀ ọkàn náà ni. Ara ìgò kì í sọ tinú ìgò.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un bí ò tiẹ̀ sí nínú lẹ́tà yín, torí ẹnìkan béèrè ẹ̀ lórí fóònù. DNP kì í ṣe ewé, kẹ́míkà ni. Ní 1933 ni àwọn dókítà ní Stanford bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé ó ń mú èèyàn rù, òótọ́ sì ni. Ohun tí UCP1 ń ṣe nínú ọ̀rá búráùn nìkan ni òun ń ṣe nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara pátá, kò sí ohun tó lè dá a dúró tó bá ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn á máa gbóná títí á fi kú. Àwọn kan fọ́jú. Amẹ́ríkà fòfin dè é ní 1938, síbẹ̀ àwọn tó ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní ṣì ń kú. Tẹ́ ẹ bá rí i níbikíbi, ẹ sá.

ẸNI TÓ TAKU SÓMI TÚTÙ: Tó bá jẹ́ òtútù ló dáa jù, ṣé kí n máa wẹ omi yìnyín? Ṣé kò wá sí ìrètí kankan fún ọ̀rá búráùn yìí ni?

Òtútù ṣiṣẹ́ ju gbogbo èròjà tá a ti dárúkọ lọ, kò tiẹ̀ nílò yìnyín, 17 tí wọ́n lò ní Japan yẹn, òtútù yàrá ni. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kó má ṣe kó sínú omi yìnyín, ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ máa ń fò sókè.

Ìrètí wà, ibòmíì ló fẹ́ gbà yọ. Ní 2021 àwọn onímọ̀ ní New York wo scan àwọn èèyàn tó lé ní 52,000, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ọ̀rá búráùn hàn lára wọn. Nínú àwọn yẹn, ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìtọ̀ ṣúgà, nínú àwọn tí tiwọn ò hàn, 9.5 ni. Kò tíì túmọ̀ sí pé ọ̀rá yẹn ló dáàbò bò wọ́n, ó lè jẹ́ pé ẹni tára ẹ̀ le ló máa ń ní in. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ti àwọn obìnrin 14 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kílò ò kúrò, ìnsúlíìnì ń ṣiṣẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀rọ̀ ṣúgà ni mo máa náwó ìwádìí lé, màá fi ọ̀rọ̀ kílò sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé ọ̀rá tó ń di búráùn máa ń dáa nígbà gbogbo. Ẹni tí iná jó gidi, ọ̀rá funfun ẹ̀ máa ń di beige, ti aláìsàn jẹjẹrẹ tó ń rù hangogo náà jọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n sanra díẹ̀ ni dókítà ń wá.

Ọ̀GBẸ́NI ALÁTA: Èmi ò ra kápúsù o, ata ni mò ń jẹ, mo ti sọ ọ́ di púpọ̀ torí fídíò yẹn. Inú ń ta mí lálẹ́, àyà ń jó mi. Ṣé kí n fara dà á?

Rárá o, ẹ má fara da nǹkankan. Capsinoid tí wọ́n fún àwọn ará Japan yẹn, inú ata tí kì í ta ni wọ́n ti yọ ọ́, ọ̀tọ̀ ni ti yín tó ń ta yín lójú ta yín nínú. Ẹ padà sí ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹun kẹ́ ẹ sì lọ sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí àyà yẹn bá ṣì ń jó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ọgbẹ́ inú. Tí ìgbẹ́ yín bá dúdú kirimú tàbí tẹ́ ẹ bì tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.